Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ikú Ọmọ Ajá?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo mọ̀ pé yóò ya púpọ̀ nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní Katikísìmù gbé kálàmù láti kọ̀wé nítorí ajá. Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ ènìyàn ti tán nílẹ̀ ni?" Kò tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù ka ìwé yìí dópin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ènìyàn gan-an ni mo mú wá. Nítorí nínú ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, ajá ni ó kú, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó jẹ̀bi.

Ọmọ ìjọ wa kan, tí òun àti aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ti ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ra ọmọ ajá kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní English Cocker Spaniel: ajá kékeré ni, etí rẹ̀ gùn wálẹ̀, irun rẹ̀ sì ń dán, irú rẹ̀ ni àwọn ọdẹ ilẹ̀ náà ti ń lò láti ayé àwọn baba wọn láti lé ẹyẹ jáde nínú igbó. Owó tí ó san kì í ṣe owó kékeré. Ajá náà ń jẹun, ó ń ṣeré, ó sì ń bá àwọn ọmọ sáré nínú àgbàlá. Nígbà tí ó pé oṣù 10, ó bẹ̀rẹ̀ sí mu omi bí ẹni tí ó ti aginjù dé, ó sì ń tọ̀ káàkiri inú ilé. Lẹ́yìn èyí ó kọ oúnjẹ, ó ń bì, ó sì rù títí egungun ìhà rẹ̀ fi ṣeé kà. Oníṣègùn ẹran wí pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, kò sì sí oògùn tí ó lè dá wọn padà. Kí ó tó pé oṣù 15, ó kú. Àbíkẹ́yìn ilé náà, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje, sì béèrè lọ́wọ́ baba rẹ̀ pé, "Bàbá, kí ni a fún un jẹ?"

Baba náà kọ̀wé sí ẹni tí ó ta ajá fún un. Èsì tí ó rí gbà kúrú: pé akọ àti abo tí ó bí ajá náà le koko, àìsàn kankan kò ṣe wọ́n rí, àti pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ṣáájú. Nígbà tí mo sì ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ará nílé, púpọ̀ nínú wọn mi orí, wọ́n sì wí pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ìdáhùn méjèèjì yìí, ti olówò ajá àti ti àwọn ará wa, ni mo dìde láti ta kò, nítorí irọ́ ni èkíní, èkejì sì jẹ́ lílo orúkọ Ọlọ́run láti bo irọ́ náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó pa ajá náà. Kíndìnrín, èyí tí àwọn baba tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì pè ní iwe, ni asẹ́ tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ara láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìdọ̀tí ni ó yẹ kí ó bá ìtọ̀ jáde. Ohun rere inú ẹ̀jẹ̀, bí èròjà purotéènì, ni ó yẹ kí ó dúró. Nínú àrùn tí mo ń sọ yìí, okùn tínínrín kan tí ó wà lára ohun tí a fi hun asẹ́ náà kò pé láti ìgbà tí a ti lóyún ajá. Asẹ́ náà dàbí ẹni pé ó dára nígbà tí ọmọ ajá wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù 5 sí oṣù 8, purotéènì bẹ̀rẹ̀ sí jò sínú ìtọ̀, asẹ́ a máa ya síwájú sí i, ajá náà a sì máa kú láàárín oṣù 6 sí ọdún 2. Kì í ṣe oúnjẹ ni ó fà á, kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe àìtọ́jú. Àrùn àjogúnbá ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàárín ènìyàn pẹ̀lú: òun ni àrùn tí a fi orúkọ oníṣègùn Alport pè, ẹni tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1927.

Báwo ni a ṣe ń jogún rẹ̀? Ohun kékeré kan wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá, tí ojú kò lè rí, tí a fi ń jogún ìrí baba àti ìyá. Èmi yóò pè é ní àbùdá. Ajá kọ̀ọ̀kan ní méjì nínú èyí tí ń pàṣẹ okùn asẹ́ náà: ó gba ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ó sì gba ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tí èkejì sì dára, èyí tí ó dára náà tó fún iṣẹ́ asẹ́. Ajá bẹ́ẹ̀ yóò le, yóò sáré, yóò gba ẹ̀bùn níbi ìdíje, yóò sì darúgbó. Ṣùgbọ́n ó fi àrùn náà pamọ́ sára. Bí irú rẹ̀ bá gun irú rẹ̀, ìṣirò ni pé nínú ọmọ 4, a ó retí kí 1 gba èyí tí ó bàjẹ́ láti ìhà méjèèjì, kí 2 gba ọ̀kan péré bí ti òbí wọn, kí 1 má sì gba rárá. Bí ẹni ń ṣẹ́ kèké lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni. Àlùfáà kan, Gregor Mendel, ẹni tí ó ń gbin irú ẹ̀wà kan nínú ọgbà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìlú Brno, ni ó kọ́kọ́ tẹ òfin ìṣirò yìí jáde ní ọdún 1866.

Ǹjẹ́ òfin yìí ha ṣàjèjì sí wa bí? Rárá o. Ilé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò mọ ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS? Ní orílẹ̀-èdè wa, ó tó ènìyàn kan nínú mẹ́rin tí ó jẹ́ AS, tí ó sì ń rìn kiri láìsí àìsàn kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde lè wọ ilé wọn. Àwa tí a ti jókòó ti ìyá ọlọ́mọ ní òru nígbà tí egungun ń ro ọmọ rẹ̀ mọ ohun tí a ń wí. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa fi ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó kéde ìgbéyàwó. A kò sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin pé, "Ara rẹ le, máa lọ." A sọ fún un pé, "Mú ìwé rẹ wá." Òfin kan náà ni ó wà lára ajá Cocker àti lára ọmọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ olówò ajá. Ó ní òbí ajá náà le koko. Mo gbà. Bí òbí tí ó fi àrùn yìí pamọ́ sára ti í rí gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó fi líle ara akọ àti abo ṣe ẹ̀rí pé ọmọ wọn kò lè ṣàìsàn dàbí ẹni tí ó wo ẹ̀yìn ìṣáná tí ó ní kò sí iná nínú rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó tún ní kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ní nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn ni ó sọ bẹ́ẹ̀, èmi ìbá dákẹ́. Ní àkókò náà, kò sí ọ̀nà tí a fi lè dá ajá tí ó fi àrùn pamọ́ mọ̀, àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti kú. Ikú ọmọ ni ìwé ẹ̀rí baba. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Texas A&M ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti rí ibi tí àbùdá náà ti bàjẹ́ nínú ajá Cocker; COL4A4 ni orúkọ tí wọ́n ń pe àbùdá ọ̀hún. Láti ìgbà náà, a lè fi òwú kékeré nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, kí a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ìdáhùn mẹ́ta ni ó sì lè ti ibẹ̀ wá: ó mọ́, tàbí ó fi í pamọ́ sára, tàbí yóò ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ ayé ajá ni a ń ṣe àyẹ̀wò yìí, nítorí àbùdá kì í yí padà. Òfin tí ó sì tẹ̀lé e rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè pa á mọ́: nínú akọ àti abo tí ẹ fẹ́ kí ó bímọ, kí ọ̀kan, ó kéré tán, jẹ́ èyí tí ó mọ́. Bí ẹ bá pa èyí mọ́, kò sí ọmọ kan tí yóò kú ikú ọ̀hún. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "kò sí ẹni tí ó lè mọ̀" kì í ṣe òtítọ́ mọ́. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ni pé kò fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀yin ará, Òfin Mósè ti dá irú ẹjọ́ yìí. Bí akọ màlúù kan bá kan ènìyàn pa, tí kò sì ní ìwà kíkàn tẹ́lẹ̀, a ó pa màlúù náà, ṣùgbọ́n ọrùn olówó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí màlúù náà bá ti ń kàn láti ìgbà àtijọ́, tí a sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sé e mọ́lé, ẹ̀bi ti dé ọrùn olówó pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí i pé màlúù kan náà ni, ikú kan náà sì ni. Ìkìlọ̀ nìkan ni ó yí ẹjọ́ padà. Láti ọdún 2007 ni a ti kìlọ̀ fún àwọn tí ń sin ajá Cocker. Mo sì wí fún yín pé ẹni tí ó bá mú akọ àti abo tí a kò yẹ̀ wò pọ̀ lónìí, tí ó sì ta ọmọ wọn fún ọmọ ọlọ́mọ, kò yàtọ̀ sí olówó màlúù ọ̀hún.

Àwọn kan yóò wí pé owó àyẹ̀wò náà pọ̀. Ẹ fi í wé iye tí wọ́n ń ta ọmọ ajá kan ṣoṣo nínú ọ̀wọ́ kan, ẹ ó sì rí i pé owó kò ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ń dẹ́rù bà wọ́n ju owó lọ ni orúkọ. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí a bá gbọ́ pé akọ wọn tí ó gba ẹ̀bùn fi àrùn pamọ́ sára, kò sí ẹni tí yóò tún mú abo wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe yàn láti má yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n bàa lè fi ẹnu búra pé àwọn kò mọ̀. Irú ìwà yìí ni ti obìnrin ọlọ́jà tí kò jẹ́ wo ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n rẹ̀ kí ó má bàa rí i pé ó jìn. Àìmọ̀ tí a fi ọwọ́ ara ẹni rà kì í ṣe àìmọ̀, ẹ̀tàn ni.

Síbẹ̀, èmi kò fẹ́ kí a ti inú ọ̀fìn bọ́ sínú kànga. Àwọn onítara kan wà tí wọ́n wí pé gbogbo ajá tí ó bá fi àrùn náà pamọ́ sára ni kí a yọ kúrò láàárín àwọn tí ń bímọ, kí irú wọn parẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìdílé ajá onírú kan ṣoṣo kò gbòòrò. Nítorí wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn wọlé, tí àwọn akọ olókìkí díẹ̀ sì ń bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, ìbátan ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá lé gbogbo àwọn tí ó fi àrùn kan pamọ́ jáde lọ́jọ́ kan, àwọn tí ó kù yóò tún súnmọ́ ara wọn sí i, àrùn mìíràn tí a kò tíì ní àyẹ̀wò rẹ̀ yóò sì fara hàn. Ajá rere tí ó fi àrùn pamọ́ lè bímọ láìléwu bí a bá fún un ní èyí tí ó mọ́. Kí a yẹ àwọn ọmọ wọn wò, kí a sì máa yan èyí tí ó mọ́ nínú wọn, títí àrùn náà yóò fi dínkù láti ìran dé ìran. Bí a kò ti í lé AS jáde kúrò ní ìjọ, tí a kò sì sọ fún un pé kí ó má fẹ́yàwó, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe. Fún ìdí èyí, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni láti fi ìwé ajá rẹ̀ hàn. Ìfipamọ́ ni ó yẹ kí ó ti ni lójú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìhà kejì òtítọ́ pẹ̀lú. Ìwé àyẹ̀wò yìí kò wí pé kíndìnrín ajá kò lè bàjẹ́ láé. Àrùn kan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà àyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo irú ajá. Nínú Bull Terrier, àrùn kíndìnrín kan wà tí òbí kan ṣoṣo tó láti fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìtọ̀ ni a ń yẹ̀ wò fún un, láti mọ ìwọ̀n purotéènì tí ń jò, a sì ní láti máa tún un ṣe. Òmíràn wà nínú irú ajá yìí kan náà, tí àpò omi kéékèèké ń kún inú kíndìnrín. Skáànù ni a fi ń rí i, a sì ti mọ àbùdá rẹ̀ láti ọdún 2011. Nínú ajá Samoyed, ìyá ni ó ń fi lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn akọ ni ó sì ń tètè pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ajá, kí ó kọ́kọ́ béèrè àrùn tí ń rìn nínú irú tí ó fẹ́ sìn, àti àyẹ̀wò tí ó bá a mu. Bí kò bá lè ṣe èyí, kí ó wá òwò mìíràn ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ará mi tí ẹ wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ta ni ó so akọ mọ́ abo? Ṣé Ọlọ́run ni? Ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin a máa fi ẹnu ara wọn yan ara wọn, bí wọ́n bá sì ṣe àìgbọ́ràn lẹ́yìn tí a ti kìlọ̀, àwọn ni yóò ru ẹrù náà. Ajá onírú kì í yan aya. Olówó rẹ̀ ni ó yan án, òun ni ó mú ọjọ́, òun ni ó gba owó. Nígbà tí ó bí mẹ́fà tí gbogbo wọn rẹwà, ó wí pé, "Ọgbọ́n mi ni." Nígbà tí ọ̀kan kú, ó wí pé, "Ìṣẹ̀lẹ̀ ayé ni." Jákọ́bù baba wa nínú ìgbàgbọ́ kò fi ọ̀rọ̀ agbo ẹran rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; ó mọ abilà yàtọ̀ sí aláìlábàwọ́n, ó sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó gun èyí. Sólómọ́nì Ọba pẹ̀lú ka ẹni tí ń kíyè sí ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ mọ́ àwọn olódodo. Ẹni tí ó bá wí pé ajá lásán ni, kí ó bá Sólómọ́nì wí, kì í ṣe èmi.

Àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso ọ̀ràn ajá kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kennel Club ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti ọdún 1873. Fún ọjọ́ pípẹ́ ni a fi ẹ̀bùn fún etí gígùn àti irun dídán níbi ìdíje, tí a kò sì béèrè ohun tí ó wà nínú. Ní ọdún 2008, BBC fi àwòrán hàn fún gbogbo ayé nípa ìyà tí àìsàn àjogúnbá fi ń jẹ àwọn ajá onírú. Ariwo ta, ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Bateson sì ṣe ìwádìí, ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Ìròyìn ti pọ̀ tó. Ohun tí ó kù ni àṣẹ. Ibi yòówù tí ẹgbẹ́ kan bá ti ń kọ orúkọ ọmọ ajá sílẹ̀ láìbéèrè ìwé àyẹ̀wò òbí rẹ̀, ìwé ìdílé tí ẹgbẹ́ náà ń fún ni kò ju bébà lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ní ìgbèríko wa, tí òrùlé rẹ̀ ń jò, lè béèrè ìwé kí ó tó kéde ìgbéyàwó; ṣé ẹgbẹ́ ńlá kò wá lè béèrè kí ó tó kọ orúkọ ọmọ ajá sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan kù fún wa nílé. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, àwọn ará wa ń sin ajá òkèèrè fún títà, owó ńlá sì ń lọ lórí rẹ̀. A máa ń fi àwòrán baba ajá hàn ẹni tí ó fẹ́ rà, àti bí àyà rẹ̀ ti gbòòrò tó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe béèrè àyà nìkan. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò baba àti ti ìyá. Bí olówò bá bínú, ẹ kó owó yín padà sí àpò. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tí yóò ra ajá aláìníwèé ni gbogbo wọn yóò mọ ọ̀nà ilé àyẹ̀wò.

Mo ti kọ ìwé padà sí ọmọ ìjọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ sọ́dọ̀, kí ó sì sọ fún un pé kò sí ohun búburú kan tí wọ́n fún ajá náà jẹ. Ikú ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ilé wọn, ẹni tí ó tà á ìbá sì ti mọ̀ bí ó bá fẹ́. Ọmọ ọlọ́dún méje ti gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lérí fún ìgbà pípẹ́ tó. Kí àwọn àgbà tí wọ́n ni ẹ̀bi náà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.